Ilé Patrick Pearse ní Ros Muc: Kíkọ́ àti Àtúnkọ́ Rẹ̀

1. Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí fi hàn pé ẹni tó ń tún ilé kọ́ a máa fẹ́ kí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bébà yìí gbé ìtàn ilé kan tí kò tẹ̀lé òwe náà yẹ̀wò, èyíinì ni ilé kékeré tí Patrick Pearse kọ́ sí Ros Muc, ní Conamara, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Áyálándì.

2. Kíkọ́ ilé náà
Dublin ni a ti bí Pearse ní ọdún 1879. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbẹ́ òkúta ni bàbá rẹ̀. Ní 1908, ó dá ilé-ìwé Scoil Éanna sílẹ̀, níbi tí a ti ń fi èdè Áyálándì àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ. Ní nǹkan bí 1909 sí 1910 ni ó kọ́ ilé Ros Muc, nítorí pé èdè ìbílẹ̀ kò tíì kú lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń lo ìsinmi.

Ilé ilẹ̀ ni, ògiri rẹ̀ funfun, koríko ni òrùlé rẹ̀, ìloro kékeré sì yọ síta lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ìgboro ni Pearse, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ìrísí ilé àwọn àgbẹ̀. Ohun tí ó ń fi ẹnu kọ́ni ní Dublin ni ó fi ilé sọ ní Ros Muc.

3. Iná àti àtúnkọ́
Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1916, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa Pearse nítorí ọ̀tẹ̀ Ọjọ́ Àjíǹde. Ní 1921, nígbà ogun òmìnira, àwọn Black and Tans dáná sun ilé náà, inú rẹ̀ sì jó. Nígbà tí a tún un kọ́, a kò bu ẹwà kún un: koríko ni a tún fi bò ó, a sì to inú rẹ̀ bí ó ti rí láyé Pearse. Nígbà tí a ṣí ibùdó àlejò ní 2016, ọ̀tọ̀ ni a kọ́ ọ sí, a kò so ó mọ́ ilé náà lára.

Ẹnìkan lè sọ pé ayédèrú ni ilé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òrùlé koríko kì í pẹ́ títí. Bí iná kò tilẹ̀ jó o, a ó ti pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, níbi tí a ti ń fi bẹẹrẹ tuntun bo àfin: koríko ń yí padà, àfin kò yí padà.

4. Ìgúnlẹ̀
Ìrísí àti ibùdó ni ó sọ ilé Ros Muc di ohun ìtàn, kì í ṣe koríko rẹ̀. Àtúnkọ́ náà sì pa méjèèjì mọ́. Síbẹ̀, àtúnkọ́ tó pé pérépéré lè mú kí ojú gbàgbé iná. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ ìtàn ilé náà gbọ́dọ̀ ka ọdún 1921 mọ́ ìtàn kíkọ́ rẹ̀.