Ìfẹ́ Tí Kò Ní Alárenà

Ìkọ̀yà, ìlú tí ààfin Abodi, ọba Ìkálẹ̀, wà, kò jìnnà sí Òkìtìpupa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ sì bá ti Ìlàjẹ àti ti Oǹdó tan ju ti Ọ̀yọ́ lọ. Síbẹ̀, àlọ́ àpagbè, ìyẹn ìtàn tí àgbà ń pa lálẹ́ tí àwọn ọmọdé sì ń gbe orin rẹ̀, pa gbogbo àwọn ẹ̀yà Yorùbá wọ̀nyí pọ̀. Èyí tí ó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ jù lọ nínú àwọn àlọ́ náà ni ti ọmọge tí ó kọ gbogbo ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀, tí ó tẹ̀lé arẹwà àjèjì kan kúrò lọ́jà, tí ó sì wá rí i pé ẹ̀yà ara tí ọkùnrin náà yá ni ó ń dá padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí nìkan. Irú àlọ́ yìí ni òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá lò nínú ìwé ìtàn rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní 1952.

Àlọ́ náà kò bú ìfẹ́. Ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wádìí ni ó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Láyé àtijọ́, alárenà, ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọmọge, ni ó kọ́kọ́ ń rìn, nígbà tí ìdílé méjèèjì ń fara balẹ̀ wádìí bóyá àrùn, gbèsè tàbí ìwà ọ̀daràn wà nínú ìran ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni ìṣíhùn, ìyẹn gbígba ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà, kí ìdána, sísan ẹrù àti owó orí ìyàwó, tó tẹ̀ lé e. N. A. Fadípẹ̀ kọ ọ̀pọ̀ nínú ètò yìí sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970. Ètò náà kò mọ́ láìlábàwọ́n, nítorí a máa ń fi ọmọbìnrin fọ́kọ kí ó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ọba sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹni tí ó wù ú. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ni ó lọ síbẹ̀ láti dá owó orí padà kí wọ́n lè kúrò nílé ọkọ tí ọkàn wọn kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àlọ́ náà àti ètò ìgbéyàwó yìí ni ó jẹ́ kí Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tí ó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2022, dun ẹni tí ó mọ àlọ́. Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa: Sàró, ahunṣọ tí ó wá sí Ọ̀yọ́, àti Arólákẹ́, olorì tí ó kéré jù láàfin, fẹ́ràn ara wọn, a pa Sàró nítorí ìfẹ́ náà, ẹyẹ àkàlà jí i, Arólákẹ́ sì gba àdó tí a fi ń jí òkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàró di ọlọ́lá nílùú tí wọ́n sá lọ, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó tún ń wá ọmọ ọba, Arólákẹ́ sì da ohun tí ó wà nínú àdó náà nù.

Ìwà ọ̀dàlẹ̀ Sàró kọ́ ni ìjákulẹ̀ náà, nítorí ọ̀dàlẹ̀ pọ̀ nínú àlọ́. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé fíìmù náà sọ ìfẹ́ di iná tí ń jó ẹni méjì nìkan, ó sì fi ẹ̀san ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún obìnrin tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Nínú ìtàn Tutùọlá, bàbá ọmọge náà wá ẹni tí yóò lọ gbà á, ọmọge náà sì padà sílé láàyè, àṣìṣe rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Arólákẹ́ kò ní alárenà tí a lè pè kí ó wá sọ ohun tí ó rí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè di dálémoṣú, ìyẹn obìnrin tí ó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ padà sílé bàbá rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí ó ti sá kúrò láàfin ni ọ̀nà ilé ti dí mọ́ ọn.