Ṣeun Adígún

Olúwaṣeun Adígún (tí a bí ní ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 1987), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ṣeun Adígún, jẹ́ eléré-ìdárayá tí ó ti ṣojú orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nínú eré sísá àti nínú eré ọkọ̀ orí yìnyín. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 2016, òun náà sì ni atukọ̀ rẹ̀ ní Òlímpíkì Ìgbà Òtútù ọdún 2018. Ẹgbẹ́ náà ni ẹgbẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó kópa nínú Òlímpíkì.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ó ti ń sáré, tí ó sì tún padà di igbákejì olùkọ́ni eré sísá. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Texas Chiropractic College láti kọ́ ìtọ́jú eegun ẹ̀yìn àti oríkèé ara.

Eré sísá

Eré fífo ìdènà onímítà 100 ni Adígún yàn láàyò. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà níbi ìdíje eré sísá ilẹ̀ Áfíríkà ní Nairobi ní ọdún 2010, ó sì tún gba òmíràn níbi Eré Gbogbo Áfíríkà ní Maputo ní ọdún 2011. Ó ṣojú Nàìjíríà ní Òlímpíkì London ní ọdún 2012.

Ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín

Nínú eré yìí, àwọn eléré á kọ́kọ́ ti ọkọ̀ náà pẹ̀lú eré sísá, wọn á fò wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ ní ọ̀nà oníyìnyín. Nítorí pé títì yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, àwọn asáré ni ẹgbẹ́ púpọ̀ máa ń wá. Adígún kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ṣe ìgbáradì kí ó tó pinnu láti dá ti Nàìjíríà sílẹ̀.

Kò sí ọkọ̀, kò sí owó, kò sì sí ọ̀nà yìnyín kankan ní Nàìjíríà. Adígún fi igi kan ọkọ̀ ìdánrawò fúnra rẹ̀ ní Houston, ó sì sọ ọ́ ní Maeflower ní ìrántí arábìnrin rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó pe àwọn asáré méjì, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ onígi náà kọ́ bí a ti ń tì í lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n bẹ àwọn aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti bá wọn dá dọ́là 75,000. Òfin béèrè pé kí ẹgbẹ́ parí ìdíje márùn-ún lórí ọ̀nà yìnyín mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Calgary, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ni wọ́n ti parí èyí tó kẹ́yìn.

Pyeongchang 2018

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Nàìjíríà kópa nínú Òlímpíkì Ìgbà Òtútù. Onwumere ni ó gbé àsíá orílẹ̀-èdè níbi ayẹyẹ ìṣíde. Adígún ló tu ọkọ̀, Omeoga sì wà lẹ́yìn nídìí búréèkì. Ipò tó kẹ́yìn ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n parí ìsáré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí ìjàǹbá. Nípa bẹ́ẹ̀, Adígún di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó díje ní Òlímpíkì ìgbà ooru àti ti ìgbà òtútù.

Ipa rẹ̀ nínú ìdarí eré-ìdárayá

Orílẹ̀-èdè kò lè díje láìní àjọ tí àgbáyé fọwọ́ sí. Akitiyan Adígún ni ó bí àjọ ọkọ̀ orí yìnyín Nàìjíríà, tí Solomon Ogba, ààrẹ àjọ eré sísá nígbà kan rí, jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ìròyìn nípa ẹgbẹ́ náà ni ó mú Simidele Adeagbo, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú eré fífò, bẹ̀rẹ̀ eré skeleton, nínú èyí tí eléré ń dojú bolẹ̀ tí orí rẹ̀ sì ń ṣíwájú. Òun náà díje ní Pyeongchang, ó sì di obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú eré náà ní Òlímpíkì.

Ṣùgbọ́n dídá nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí mímú un dúró. Ní Òlímpíkì Beijing ọdún 2022, Nàìjíríà kò ní ẹgbẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín. Samuel Ikpefan, tí ó ń fi pátákó rìn lórí yìnyín dídì, nìkan ni ó ṣojú rẹ̀.