Odi, Oṣè àti Ọgbà: Ìtàn Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé Kò Bẹ̀rẹ̀ ní 1936

Bí a bá ní ká tẹ̀ lé ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ nípa Ọgbà Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé, ìtàn rẹ̀ kò gùn rárá. Ní 1936, ìjọba amúnisìn ya igbó òkè Odò Ògùn sọ́tọ̀. Ní 1941, ti Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀ lé e. Ní 1952, méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ sọ wọ́n di ọgbà tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. N kò bá ọdún kankan jà nínú ìwọ̀nyí. Èrò tó fara pamọ́ sábẹ́ wọn ni mo bá jà: pé igbó lásán ni àwọn aṣọ́gbó òyìnbó bá níbẹ̀.

Ó yẹ ká ya ohun tí ọgbà kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọgbà bá nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé àlejò wà ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, olú ilé-iṣẹ́ wà nílùú Ọ̀yọ́, ẹ̀ṣọ́ sì wà ní ẹ̀ka márààrún: Ọ̀yọ́-Ilé, Márgúbà, Tedé, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Yemọ́so. Adágún ìdídò Ìkéré, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n máa ń dárúkọ fún ọkọ̀ ojú omi àti ẹja pípa. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọgbà bá nílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ohun ìran, tí wọ́n sì ń tò pọ̀ mọ́ ẹfọ̀n àti ìgalà bí ẹni pé ìlú kan náà ló bí wọn. Odi ńkọ́? Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́-Ilé, tó jẹ́ olú ìlú Ọ̀yọ́ nígbà náà, ní 1826, ó kọ ọ́ pé odi ìlú náà tó máìlì 15 yíká, pé yàrà wà lẹ́yìn rẹ̀, pé ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Àwọn awalẹ̀pìtàn Soper àti Darling ṣe ìwádìí lórí àwọn odi wọ̀nyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ka ohun èlò inú ọgbà á ka bẹ́ẹ̀dì tó wà ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kò ní ka odi. Mo ní ohun èlò ni odi, ohun èlò ni kòtò omi tí wọ́n gbẹ́ ní àgbègbè ààfin, ohun èlò sì ni ojú ọlọ tó wà lára àpáta. Ènìyàn ló ṣe wọ́n kí ilẹ̀ náà lè gba ènìyàn. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí yàrà wọ̀nyẹn ṣì máa darí àgbàrá òjò títí dòní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó máa wọn ìyẹn ní láti gbé ohun ìwọ̀n dání.

Oṣè ni ẹ̀rí tí wọ́n fojú fò jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń se lúrú ní Ṣakí mọ̀ pé oṣè kì í jìnnà sí ilé. Níbi tí oṣè bá ti pọ̀ láàárín igbó tí kò sí ahéré, ó ṣeé ṣe kí ìlú ti wà níbẹ̀ rí. Èyí kò ṣàjèjì sí awalẹ̀pìtàn. Àmọ́ ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ń kà á mọ́ igi ọ̀dàn bí ẹni pé ó kàn hù fúnra rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo oṣè inú ọgbà ni wọ́n gbìn. Mo ní àìbèèrè ni kò dára.

Ta ló wá sọ ilẹ̀ náà di òfìfo? Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, tí Ọ̀yọ́ bá Ìlọrin jà, tí Aláàfin Olúewu sì kú sí ní nǹkan bí 1835, ni gbogbo wa ń dárúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé fọ́n ká, tí Aláàfin Àtìbà fi tẹ̀dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, tí í ṣe ìlú Ọ̀yọ́ òde òní. Ṣùgbọ́n ní 1830, ṣáájú ogun náà, ni àwọn arìnrìn-àjò Richard àti John Lander ti kọ ọ́ pé odi ìlú ti ń wó lulẹ̀ láìsí àtúnṣe. Láàárín ọdún mẹ́rin sí ìgbà Clapperton! Bóyá Clapperton bu iyọ̀ sí i, bóyá àwọn Lander ni kò rí ibi tó dára. Ohun yòówù kó jẹ́, ìtúká ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀tá tó dé.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn Aláàfin fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ lọ jókòó sí Ìgbòho, ìlú náà di ahoro. Òpìtàn Samuel Johnson sọ pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kúrò rán àwọn ènìyàn lọ máa ṣe bí iwin lórí òkè ibẹ̀, àti pé ọdẹ ni ọba rán lọ mú wọn. Bí ìtàn yìí bá ní òótọ́ nínú, ọdẹ ọba ti ń ṣọ́ ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbé aṣọ ẹ̀ṣọ́ wọ̀. 

Nítorí náà, ààlà tí wọ́n fà ní 1936 àti 1941 kò dá igbó sílẹ̀. Ogun àti ìṣílọ ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Mo fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀: ọmọ Kìṣí tàbí Ìgbẹ̀tì tí ẹ̀ṣọ́ mú nínú igbó yẹn, bóyá ilẹ̀ tí baba ńlá rẹ̀ sá kúrò lórí rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Nàìjíríà fi Ọ̀yọ́-Ilé sínú àkọsílẹ̀ ìdúródè UNESCO ní 1995. Ìlú ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ ibi ìpamọ́ ẹranko. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àyíká ló ń ṣàkóso ọgbà náà, èyí tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ń ka ẹfọ̀n, kí ó máa ka ibi tí odi ti ya pẹ̀lú.