Ọmọ Emùré-Ilé tí Ó Lọ sí Ogun Bọ́mà

Nígbà tí èmi wà ní ọmọdé, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní ọkùnrin kan tàbí méjì tí ó ti jà ní Bọ́mà. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti ilé baba wọn lọ sí ojú ogun, wọ́n padà dé, wọ́n sì tún gbé ọkọ́ wọn. Bí àwa ọmọdé bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ìtàn ogun fún wa, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì rán wa lọ pọn omi. Púpọ̀ nínú wọn gbé ìtàn wọn wọ inú sàréè. Ẹnìkan tí kò gbé tirẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ nípa rẹ̀, ìwọ òǹkàwé mi.

Orúkọ rẹ̀ ni Isaac Fádóyèbọ̀. Ní ọdún 1925 ni a bí i ní Emùré-Ilé, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí oko ń bọ́. Ní 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta. Kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ baba, kò sì fi lọ ìyá. Má ṣe yára dá a lẹ́jọ́. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ ọdún 16 lè fi ìṣẹ́jú kan pinnu ohun tí yóò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rù.

Kí ni àwọn ará Jàpáànù fi ṣe Emùré-Ilé? Wọn kò gba oko ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ wa wà nígbà náà, ẹni tí ó bá sì bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà ti di ọ̀tá wa. Àwọn ará Jàpáànù ti gba Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar lónìí, wọ́n sì ti dé ẹnu ibodè Íńdíà. Nǹkan bí 90,000 ọmọ ogun ni a kó láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ kò wọ́n lójú, ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Fádóyèbọ̀ bá lọ gba àfonífojì odò Kaladan wọlé. Ọkọ̀ ilẹ̀ kò lè rìn níbẹ̀. Àwọn aláàárù ni ó ń fi orí ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Iṣẹ́ Fádóyèbọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe láti pa ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń tọ́jú sójà tí ó gbọgbẹ́ ni ó wà pẹ̀lú wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2, oṣù kẹta, ọdún 1944, lẹ́bàá odò náà, àwọn ará Jàpáànù tí wọ́n ba ní ibùba dà wọ́n ní ọta bò. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì tún bà á ní ikùn. Kò lè dìde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú lọ́tùn-ún lósì. Nígbẹ̀yìn, òun àti Sájẹ́ǹtì David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, ni ó ṣẹ́ kù nínú igbó náà, lẹ́yìn àwọn ọ̀tá, láìsí oògùn, láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n wà láàyè.

Àwọn ará abúlé ni ó rí wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, lára àwọn ènìyàn tí a mọ̀ lónìí sí Rohingya. Wọ́n ń gbé ìrẹsì àti omi wá fún wọn nínú igbó. Lẹ́yìn náà àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman gbé àwọn méjèèjì wọ inú ilé rẹ̀, níbi tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà.

Mo fẹ́ kí o dúró níhìn-ín díẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù wà ní agbègbè náà. Bí wọ́n bá rí sójà Gẹ̀ẹ́sì méjì nínú ilé àgbẹ̀ yìí, ta ni yóò bẹ̀ wọ́n? Shuyiman kò gbọ́ èdè àlejò rẹ̀, wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, oúnjẹ kò sì pọ̀ nílé. Ká ní ìwọ ni ọmọ rẹ̀, ǹjẹ́ ìwọ kì yóò sọ fún baba rẹ lóru pé kí ó jẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí máa lọ? Èmi kò lè búra pé èmi kì yóò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ní 2017 pé àwọn ológun Myanmar lé Rohingya tí ó ju 700,000 lọ kúrò ní ilẹ̀ wọn sí Bangladesh, Shuyiman ni mo kọ́kọ́ rántí.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi pé kí ìgbàlà tó dé. Ní oṣù Kejìlá 1944, àwọn Gurkha tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé abúlé náà, wọ́n sì gbé wọn lọ. Fádóyèbọ̀ padà sí ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Títiro ni ó ń tiro títí di ọjọ́ ogbó. Kò fi ẹsẹ̀ náà tọrọ jẹ. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ ìyàwó, ó sì bímọ.

Ṣùgbọ́n ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, a sì tẹ ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Inú mi dùn sí i gidigidi, nítorí a mọ iye ìwé tí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ti kọ nípa ogun náà. Ti àwọn ọmọ wa kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lọ́rùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kúrò nílé Shuyiman, kò tíì rí ọ̀nà láti dúpẹ́. Ní 2011, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 80, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, ń ya sinimá nípa rẹ̀, ó sì fẹ́ lọ sí Bọ́mà. Fádóyèbọ̀ fi lẹ́tà kan rán an. Phillips wá ilé náà títí ó fi rí i. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n sì ti gbọ́ ìtàn àwọn ọkùnrin dúdú méjì náà rí. Wọ́n ka lẹ́tà náà sí wọn létí, lẹ́yìn ọdún 67. Phillips sì ya àwòrán wọn, ó gbé e padà wá fún bàbá arúgbó náà ní Nàìjíríà, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí wọn.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 2012, ni Isaac Fádóyèbọ̀ kú.