Ìṣirò Iye Ọjà Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Ìnáwó méjì ni ó máa ń kojú ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà. Bí ó bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, owó ń jáde nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ tò. Bí ó bá sì ṣe é rẹpẹtẹ, owó yóò há sínú àká.

Ní ọdún 1913, Ford Harris, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Factory, èyí tí ń sọ iye tí ó yẹ ní ṣíṣe lẹ́ẹ̀kan kí àpapọ̀ ìnáwó méjèèjì lè kéré jù lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà náà gbà pé ọjà yóò máa tà bákan náà títí. Ọjà kì í sì í rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni.

Ní ọdún 1958 ni Harvey Wagner àti Thomson Whitin rí ojútùú. Wọ́n fi hàn pé, bí owó ṣíṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò bá yí padà, kò pọn dandan láti ṣe tuntun ní oṣù tí ti àtẹ̀yìnwá ṣì wà nílẹ̀: kí a ṣe èyí tí yóò tó fún odindi oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tán, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù 12, ọ̀nà 2,048 ni a lè gbà yan àwọn oṣù iṣẹ́. Òfin yìí sọ ìnáwó tí a ó ṣírò di 78 péré.

Síbẹ̀, wọ́n gbà pé a ti mọ iye tí àwọn oníbàárà yóò béèrè lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá ṣi ìyẹn mọ̀, ìṣirò kò lè gbà á.