Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Nangi àti Ramche

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìtàn abúlé méjì ní orílẹ̀-èdè Nepal ni ó jẹ́ kí n rí ìtumọ̀ mìíràn nínú rẹ̀.

Orí òkè ni Nangi wà, ní agbègbè Myagdi. Ọmọ ibẹ̀ ni Mahabir Pun, ẹni tí ó kàwé ní yunifásítì ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, tí ó sì padà wálé ní 1992 láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní 1997, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọsirélíà fi àlòkù kọ̀ǹpútà ta wọ́n lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà dé, tẹlifóònù kò sí. Ta ni wọn yóò wá fi í bá sọ̀rọ̀?

Pun kọ̀wé sí BBC ní 2001, ó ń wá olùrànlọ́wọ́. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wá láti òkèèrè, wọ́n sì so Nangi pọ̀ mọ́ Ramche, abúlé tí ó múlé tì í, láìlo wáyà. Àwo tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ṣe eriali, orí igi ni wọ́n sì so ó mọ́. Irú ìgbì rédíò yìí kò lè la òkè kọjá. Àwo méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn, kí ohunkóhun má dí wọn lójú. Níbi tí òkè bá ti dí ọ̀nà, wọn a gbé ẹ̀rọ kan sí ṣóńṣó òkè náà, kí ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èkíní, kí ó sì fi lé èkejì lọ́wọ́. Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe dé ìlú Pokhara, tí Nangi sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2003.

Iṣẹ́ eléwu ni. Ogun abẹ́lé ń jà ní Nepal láti 1996 títí di 2006, ìjọba sì fòfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń yọ́ ọ kó wọlé. Bí ọwọ́ ṣọ́jà bá tẹ ẹni tí ó gun igi lọ so eriali, àlàyé wo ni yóò ṣe?

Síbẹ̀, nípasẹ̀ rẹ̀ ni aláìsàn abúlé fi rí dókítà Pokhara bá sọ̀rọ̀, tí olùkọ́ kan ṣoṣo sì ń kọ́ ọmọ abúlé púpọ̀. Ní 2007, Pun gba ẹ̀bùn Ramon Magsaysay.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé Nangi kọ́kọ́ kí Ramche kí ó tó kí ayé. Aládùúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ wò lójú. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.