Hora Kò Ti Inú Veda Wá

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ awòràwọ̀ ilẹ̀ Íńdíà yóò ti gbọ́ ọ rí pé inú Veda, àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ wọn, ni gbogbo ìmọ̀ wọn ti jáde ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, láìsí ọwọ́ àjèjì kankan níbẹ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ń tú wọn fó.

Ẹ wo kendra, orúkọ tí wọ́n ń pe ilé kìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá nínú àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n ń yà fún ọjọ́ ìbí ènìyàn. Kentron àwọn Gíríìkì ni. Panaphara àti apoklima tí wọ́n ń pe àwọn ilé yòókù, epanaphora àti apoklima ni wọ́n. Jamitra, ilé keje tí wọ́n ti ń wo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò ju diametros lọ: ilé tó dojú kọ ti àkọ́kọ́ gangan.

Hora, orúkọ tí wọ́n ń pe ìmọ̀ wíwo ìràwọ̀ ọjọ́ ìbí yìí, ni wọ́n máa ń jà lé lórí jù. Wọ́n á ní ahoratra, ìyẹn ọ̀sán òun òru, ni wọ́n gé lórí, tí wọ́n tún gé nídìí, tó fi ku hora. Varahamihira, awòràwọ̀ ilẹ̀ Íńdíà, mẹ́nu ba àlàyé yìí nínú ìwé rẹ̀, Brihajjataka, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé àwọn kan ló ń wí bẹ́ẹ̀. Hora ni Gíríìkì ń pe wákàtí. (Àwa náà gba wákàtí lọ́wọ́ Lárúbáwá, kò sì pa wá lára.) Inú ìwé yẹn kan náà ló ti pe àgbò ojú ọ̀run ní Kriya, akọ màlúù ní Tavuri, ìbejì ní Jituma, kìnnìún ní Leya. Kí ni ìwọ̀nyí bí kò ṣe Krios, Tauros, Didymoi àti Leon? Bàbá náà kò tilẹ̀ fi bò: nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, Brihatsamhita, ó gbà pé àjèjì aláìmọ́ ni àwọn Yavana, ìyẹn àwọn Gíríìkì, síbẹ̀ ìmọ̀ yìí fìdí múlẹ̀ lọ́wọ́ wọn débi tí wọ́n fi ń bọlá fún wọn bí amòye.

Vedanga Jyotisha tí àwọn onígbèéraga máa ń nà síni, ìwé kàlẹ́ńdà ìrúbọ ni. Àmì ìràwọ̀ 12 kò sí níbẹ̀. Nakshatra, ibùsọ̀ òṣùpá 27 tàbí 28, ló jẹ́ tiwọn ní tòótọ́: Atharvaveda, ọ̀kan lára àwọn Veda, ti to orúkọ wọn. Lára wọn sì ni wọ́n ti ṣẹ̀dá Vimshottari dasha, ìṣirò tó pín 120 ọdún fún pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, tí Gíríìkì kò ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ogún Veda yangàn, èyí ló yẹ kó gbé jáde, kó fi hora sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.